Etí Aṣọ Tí Mo Rẹ Sómi

Òjò Douala kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Bó bá ti dé láàárín ọdún, ṣe ló ń bá wa gbélé. Á ti jí kí a tó jí, á jókòó sórí páànù títí di ìrọ̀lẹ́, àwa á sì máa sọ̀rọ̀ sókè kí a lè gbọ́ ara wa. Nínú irú òjò bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ó dojú rẹ̀ kọ ọwọ́ mi, ó ní:

“Mémé, máa rán aṣọ rẹ. Ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí.”

Mémé ni wọ́n ń pe ìyá àgbà ní ìlú yìí. Ibí ni wọ́n bí ọmọ náà sí, Faransé ló kọ́kọ́ gbọ́, Yorùbá rẹ̀ kò sì mọ ẹni tó yẹ kó pè ní “ẹ”. Ìyá rẹ̀ ti bá a wí títí ó fi sú u. Èmi ò bínú. Bó ṣe ń pè mí ní “o” yẹn, ó máa ń dà bíi pé ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

Mo bi í pé ta ló fẹ́ wo ìyá arúgbó tó ń ṣẹ́tí ìró.

“Àwọn tí kò ní ìyá àgbà nílé mọ́,” ló dá mi lóhùn. “Wọ́n pọ̀ gan-an.”

Mo ń rán aṣọ mi lọ. Iṣẹ́ tó kù fún mi nìyẹn, kí n máa ṣẹ́tí aṣọ fún àwọn ará àdúgbò wa ní Nkololoun. Kí orúnkún mi tó kọ̀ fún mi, mo ta àǹkárá ní Marché Congo fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ mi ló mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àti àpótí kan àti ìwé mẹ́ta tí mo kà nílé ẹ̀kọ́. Ìyá ọkọ mi ti ń tajà níbẹ̀ ṣáájú wa. Òun ló kọ́ mi ní aṣọ.

Ọwọ́ mi nìkan ni ọmọ náà ń yà, àti abọ́ omi kékeré tí mo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi rọ etí aṣọ, àti ojú fèrèsé tí òjò ń ṣàn lára rẹ̀. Mo máa ń sọ ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu ní Yorùbá, òun á sì fi Faransé kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Nígbà mìíràn mi ò ní sọ nǹkan kan rárá, abẹ́rẹ́ nìkan láá máa wọlé, táá máa jáde. Ó ní àwọn èèyàn fẹ́ràn èyí tí mi ò ti sọ̀rọ̀ jù. Àwọn tó ń wò wá kò pọ̀ bíi tàwọn tó ń jó tàbí tàwọn tó ń bú ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá. Obìnrin kan kọ̀wé láti Bonabéri, lódìkejì odò, ó ní ọwọ́ mi lòun fi ń mú ọmọ òun sùn. Ó ní, “Aṣọ tí Mémé bá fọwọ́ kàn, màá rà á láìbèèrè.” Ọmọ ọmọ mi kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ dùn, èmi náà sì gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, n kò tíì mọ ohun tí màá fi ṣe.

Ìyá rẹ̀ ni inú rẹ̀ kò dùn. Onídìrí ni ọmọ mi, ó ní ìsọ̀ ní Deïdo, ó mọ bí wọ́n ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ kí ọbẹ̀ tó lè jiná. Ó wá kí wa lọ́jọ́ Sunday kan, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó tutù sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó jókòó.

“Títí òjò á fi dá ni mo fún ọ,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Bí fóònù yìí kò bá mú nǹkan gidi wọlé, wàá lọ jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀yà mọ́tò tí mo bá ọ wá, wàá máa kọ rìsíìtì. Mo ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀.”

“Maman, iṣẹ́ ni mò ń ṣe.”

“Iṣẹ́ wo? Ọwọ́ ìyá mi lo ń yà! Ọwọ́ yẹn ló bọ́ mi dàgbà, ó nà mí dàgbà, mi ò rí ẹni tó sanwó wò ó rí.”

Mo rẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọdébìnrin yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ palẹ̀, ó ń tì í wọnú àpò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́, kí wọ́n sanwó fún un láti fi ọjà wọn hàn. Ọ̀pọ̀ kò dáhùn. Ọ̀kan ní òun á fún un ní ọṣẹ, kó fi ṣe fídíò mẹ́rin. Ọ̀kan fi ìpara ránṣẹ́, ó ní kí a sọ pé ìpara òun ló sọ ọwọ́ Mémé di báyìí. Mo na ọwọ́ mi síwájú, mo wo iṣan rẹ̀ àti ìka tó ti wọ́.

“Ta ló máa ra ohun tó sọ ọwọ́ èèyàn di báyìí?”

Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó dá ìpara náà padà.

Nígbà tí òjò ń mú jù lọ ni ẹni tó ń ta aṣọ dé. Ilé ìtajà àǹkárá kan ni, kì í ṣe kékeré. Ọkùnrin tó ń bójú tó ìpolówó wọn ló pe ọmọ ọmọ mi, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń pè é ní mademoiselle. Wọ́n á fún un ní aṣọ, wọ́n á san owó gidi nígbà tí fídíò bá jáde, bó bá sì dára, ọdún kan ni wọ́n máa fi bá ara wọn ṣe é. Ọmọ náà kò lè jókòó. Ó tẹ kọ̀ǹtírà náà, ìwé àdéhùn wọn, sórí ìwé, ó kà á fún mi ní Faransé, ó ń wá Yorùbá ibi tó ṣòro. Ọjọ́ tí òjò á dá ń bọ̀. Ọdún kan lórí ìwé, ìyá rẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ẹ̀yà mọ́tò sọ mọ́.

“Ohun kan ni a gbọ́dọ̀ sọ nínú fídíò,” ló ní. “Pé àwọ̀ rẹ̀ kì í yọ.”

“Ó dáa,” ni mo dáhùn. N kò tíì rí aṣọ náà.

Bẹ́ńsíkìn, alùpùpù akérò, ló gbé e wá, nínú ọ̀rá, yáàdì mẹ́fà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a máa yà á, òjò sinmi. Mo ti kírun, mo ti mu tíì. Ìmọ́lẹ̀ kan wọlé láti ojú fèrèsé, ó rọ̀, ó ní omi nínú, irú èyí tí ọmọ ọmọ mi máa ń tìtorí rẹ̀ sáré. Ó to fóònù. Ó ní kí n tú aṣọ náà, kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo tú u lé itan mi. Búlúù ni, ó jìn bí odò Wouri nígbà tí oòrùn bá ti lọ tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, àwọn ewé kéékèèké funfun sì ń léfòó lójú rẹ̀. Òórùn aṣọ tuntun gbé mi. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo jókòó sí Nkololoun, mo sì jókòó sí Marché Congo. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ àwọn aránṣọ lẹ́yìn wa, tó ń dún bí òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ mi ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi àgbọ̀n rẹ̀ di etí aṣọ mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba inú aṣọ jáde. Ìyá ọkọ mi wà lórí àpótí rẹ̀, ó wọ ìborùn tí mo mọ̀, ó sọ ohun tó máa ń sọ nígbà tí báálì tuntun bá dé:

“Ìyàwó, má tíì dá iye lé e. Rẹ etí rẹ̀ sómi, tẹ̀ ẹ́ mọ́ funfun. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ fún oníbàárà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.”

Bí a ṣe ń ta aṣọ nìyẹn, gbogbo ilé wa. Ańkáṣíìfù funfun kan wà fún un, a kì í fi nu ojú, a kì í fọ̀ ọ́. Bí àwọ̀ bá yọ, a ó sọ pé ó yọ, a ó sì sọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́. Àwọn kan á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Àwọn tó bá rà á kì í padà wá jà. Bí ańkáṣíìfù bá kún, a ó mú òmíràn, a ó kó ti àtijọ́ sínú agolo bísíkíìtì. Agolo náà wà lábẹ́ ibùsùn mi di òní. Bí mo bá ṣí i, mo máa ń rí ọdún lóríṣiríṣi níbẹ̀: pupa ọdún tí mo bí ọmọ mi, ewé kan tó rí bíi ti ọ̀pẹ, yẹ́lò tó tàn ká bí ẹyin, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ikú ọkọ mi, tí mo ṣì lọ sọ́jà nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀.

Ọwọ́ mi ti ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí kì í bi mí léèrè mọ́. Nígbà tí mo máa fi ti ọjà yẹn dé, etí aṣọ ti wọ inú abọ́ omi, mo ti fún un, mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ańkáṣíìfù tí mo fà yọ lábẹ́ ìró mi. Búlúù wà níbẹ̀. Ó rọra ń tẹ́ lọ, bí ẹni tó ń na ara lẹ́yìn oorun.

“Ó yọ o,” ni mo sọ fún fóònù. “Ẹ máa fọ òun nìkan.”

Omi ń kán láti orí páànù sínú garawa níta.

“Mémé! Mais non! Kí lo ṣe yẹn?”

“Mo wo aṣọ.”

“A ní láti sọ pé kì í yọ! Ó wà nínú kọ̀ǹtírà!”

“Ta ló sọ fún kọ̀ǹtírà?”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo rò pé ẹ̀rín ni, ẹkún ni. Mo bá a gbé ìrọ̀rí kan wá, mo jẹ́ kó sun ún tán. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀ọ́mọ̀, pé ọwọ́ mi ló ti lọ. Òótọ́ sì ni.

Ó pe ọkùnrin náà, ó sì jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bínú rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, ìṣẹ́jú kan péré ni kó gé kúrò, kí Mémé wá sọ gbólóhùn yẹn, gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí fóònù kú, ọmọ náà yíjú sí mi.

“Kí ni kí n ṣe?”

“Iṣẹ́ rẹ ni,” ni mo sọ fún un. “Bí o bá fẹ́ ọwọ́ mi, gbà á, á rán aṣọ náà, á ṣẹ́tí rẹ̀, kò ní kọ̀. Ẹnu mi nìkan ni kò ní sọ pé kò yọ. Bí ìwọ bá fẹ́ fi ẹnu tìrẹ sọ ọ́, n kò ní bá ọ jà.”

N kò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń dá a lẹ́jọ́. Mo ti rí ọjọ́ tí èmi náà fẹ́ pa ẹnu mọ́, nígbà tí ọjà kò tà tí ilé sì ń retí. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ó jókòó sí igun yàrá, ó ń gé fídíò náà. Ìgbà tó ṣe tán, ó gbé e wá fún mi. Mo rí ọwọ́ mi tó ń lọ síbi abọ́ omi. Kí n tó ṣẹ́jú, ọwọ́ mi ti di abẹ́rẹ́ mú. Abọ́ náà wà níbẹ̀, omi inú rẹ̀ ti di búlúù díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún wò ó.

“Obìnrin Bonabéri yẹn,” ló ní, “tó ní òun á rà á láìbèèrè. Á fọ̀ ọ́ mọ́ yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ẹ̀.”

“Ó ṣeé ṣe.”

“Yúnífọ́ọ̀mù á di búlúù. Á wá wo ọwọ́ ẹ nínú fóònù, Mémé, á máa bú u.”

Ó bi mí bóyá aṣọ náà burú. Mo ní kò burú rárá, aṣọ tó lẹ́wà ni, mo ti ta irú rẹ̀ púpọ̀: kí a rẹ ẹ́ sínú omi tútù àti iyọ̀, kí a yí omi padà lẹ́ẹ̀mẹta, kí a sá a síbòòji, kí a má fọ̀ ọ́ mọ́ funfun lóṣù àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ là. Ó gbé fóònù, ó ya bí mo ṣe ń rẹ ẹ́. Omi àkọ́kọ́ dúdú bí aró. Omi kejì dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ìkẹta, ó ku bí èémí. Mo tún tẹ etí rẹ̀ mọ́ ańkáṣíìfù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà lódindi, kò gé ibi tó ti yọ kúrò. Ọkùnrin náà dúró ọjọ́ méjì. Ó wá pè, ohùn tútù kan náà, ó ní fídíò dára, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò lè sanwó fún ẹni tó ń fọ àwọ̀ ọjà wọn dànù lójú gbogbo ayé. Ó ní kí a mú aṣọ náà, kí a má dárúkọ wọn. Ó kí Mémé.

Ọmọ náà gbé fídíò jáde láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó sùn lọ́sàn-án gangan. Mo lọ bò ó. Nínú oorun, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di fóònù mú.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ó ń dé lọ́sàn-án, ó ń lọ kí a tó kírun Aláásárì. Mo ń ka ọjọ́, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Deïdo, ariwo ìsọ̀ ìdirun wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá, àwọn oníbàárà mi ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Fídíò yín ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan ní ọtí kíkan ni, ẹ̀yin ní iyọ̀, wọ́n ń jà lórí irun tí mi ò tíì dì tán!”

“Iyọ̀ ni,” ni mo sọ.

“Mo ti sọ fún wọn.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ọ̀gá ìsọ̀ ẹ̀yà mọ́tò ń bèèrè ọmọ yìí o.”

Mo ní mo gbọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni obìnrin kan kọ̀wé láti òkè, níhà Bafoussam. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ láró, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kà á fún mi: “Ẹ jẹ́ kí Mémé wo tèmi. Màá sanwó kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa rí. Bó bá yọ, ẹ sọ.” Owó náà kò tó ti ilé ìtajà yẹn. Ó dé kí aṣọ tó dé.

Àwọ̀ rẹ̀ yọ. A sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ańkáṣíìfù hàn wọ́n, àmì náà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin náà pè wá, ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Aró ni, ó gbọ́dọ̀ yọ. Lẹ́yìn omi karùn-ún, ẹ tún wò ó.” A yí omi lẹ́ẹ̀marùn-ún lójú fóònù, ó sì dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Láti ìgbà náà, kó tó ta aṣọ tuntun kankan, ó máa ń fi yáàdì kan ránṣẹ́ sí wa, àti owó wa. Kò tíì sí kọ̀ǹtírà láàárín àwa àti òun.

Lọ́jọ́ tí ọmọ mi dé, ilẹ̀ ti gbẹ. Bàtà rẹ̀ gbẹ. Ó jókòó, ó kí mi, ó mu omi, kò sọ nǹkan kan nípa ìsọ̀ ẹ̀yà mọ́tò. Ó wá fa aṣọ kan yọ nínú àpò rẹ̀, aláwọ̀ osùn àti wúrà, aṣọ tó fẹ́ rán fún ìkómọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé e lé itan mi.

“Ẹ bá mi wò ó kí n tó gé e.”

Mo ní ojú mi ti rẹ̀. Mo na ańkáṣíìfù sí ọmọ ọmọ mi. Kò gbé fóònù kankan. Ó kúnlẹ̀ sídìí abọ́, ó rẹ etí aṣọ ìyá rẹ̀ sómi, ó fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan ṣoṣo tó ṣì funfun níbẹ̀, ó gbá a mọ́ ọwọ́ bí èmi ti máa ń ṣe. Pupa kan là bí òwúrọ̀.

“Maman, ó yọ o.”

Ìyá rẹ̀ wo ańkáṣíìfù náà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

“Ó dáa,” ló ní. “Báwo ni kí n ṣe fọ̀ ọ́?”